Agbálẹ̀ Tí Kò Rílẹ̀ Gbá

"Ta ló pa ẹ̀rọ wa?"

Alàájì Bassirou, alága ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ kajú ní Tchaourou, ló béèrè bẹ́ẹ̀. Àwọn ọkùnrin inú gbọ̀ngàn wo ilẹ̀, àwọn obìnrin wo àjà. Níta, ọkọ̀ akẹ́rù tò láti ẹnu géètì títí dé ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà Parakou, àpò kajú ga lórí wọn bí òkè, àwọn awakọ̀ sì ti tẹ́ ẹní sábẹ́ ọkọ̀, wọ́n ń sùn. Lápá ìlà oòrùn, ojú ọ̀run ti ń ṣú. Kajú tí òjò bá pa kì í rí olùrà mọ́.

Inspẹ́kítọ̀ Títílọpẹ́ kò wo ẹnikẹ́ni lójú. Ẹsẹ̀ wọn ló ń wò. Ọmọ Savè ni, Parakou ló ti ń ṣiṣẹ́ ọlọ́pàá, àwọn tó ń fi kọ̀ǹpútà jalè ló sì sọ orúkọ rẹ̀ di ńlá. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ ọ ni pé ojú a máa purọ́, ẹnu a máa purọ́, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kì í sábà rántí láti purọ́. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo ló ń gbọ̀n nínú gbọ̀ngàn náà, ti ọmọbìnrin tó jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

"Mádáàmù, ẹ má jẹ́ kí n fa ọ̀rọ̀ gùn," Alàájì ní. "Òun nìyẹn. Waliath. Òun ló ń tọ́jú ẹ̀rọ, ọwọ́ rẹ̀ nìkan ni kọ́kọ́rọ́ yàrá wà, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ sì ń ra kajú fún àwọn tó ń bá wa du ọjà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ ọ̀la ni ìgbìmọ̀ yóò jókòó. Bí ẹ kò bá rí ẹlòmíràn mú wá, ẹ ó mú un lọ."

"Mo ti gbọ́ ẹni tí ẹ fẹ́ kí n mú, Alàájì," Títílọpẹ́ dáhùn. "Mi ò tíì gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ náà ní ibùdó ìwọ̀n ní Alafiarou, ní Sanson, ní Kika, àti ní Tchaourou fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì ni wọ́n fi ń kọ ìwọ̀n sára ògiri tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ìdìbò ti padà sí orílẹ̀-èdè, tí ẹgbẹ́ pàápàá ti ń dìbò yan olórí, gbogbo ẹni tó bá fẹ́ ipò ló ń pariwo pé ẹni tó wà níbẹ̀ ń fi òṣùwọ̀n rẹ́ àgbẹ̀ jẹ. Ni wọ́n bá ra ẹ̀rọ. Èyí tó tóbi jù, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Ìyá, wà nínú yàrá kan lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Kọ̀ǹpútà kéékèèké wà ní àwọn ibùdó, wọ́n sì ń bá Ìyá sọ̀rọ̀ láti orí òpó gíga. Bí àgbẹ̀ bá gbé àpò sórí òṣùwọ̀n ní Sanson, Ìyá á gbọ́, á kó o sínú àká rẹ̀, á sì dáhùn kí àgbẹ̀ tó nu òógùn tán. Àká yẹn kì í ṣe ti iṣu. Orúkọ àti ìwọ̀n ló wà nínú rẹ̀, wọ́n tò ó sórí àtẹ bí ẹrù ọjà, kí a lè béèrè èyíkéyìí nígbà tí a bá fẹ́.

Bó ṣe rí lọ́dún tó kọjá nìyẹn, bó sì ṣe rí nígbà tí kajú ọdún yìí bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ́ra, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí àgbà ń dé bá. Ní báyìí, àgbẹ̀ lè gbé àpò sórí òṣùwọ̀n, kó lọ jẹun, kó fọwọ́, kó padà wá, kí ìdáhùn má tíì dé. Láìsí ìdáhùn, àpò kò lè kúrò lórí òṣùwọ̀n. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi tò dé títì.

*

Títílọpẹ́ ní kí gbogbo wọn jáde, ó ku Waliath. Kò jókòó níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló fa ìjókòó sí.

"Ìgbà wo lo kọ́kọ́ mọ̀ pé Ìyá ń lọ́ra?"

"Kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, Tata," Waliath dáhùn, ó ń pè é ní àǹtí. "Ẹni tó ń bá arúgbó gbé ló ń kọ́kọ́ mọ̀ pé orúnkún ń dùn ún."

"O sọ fún Alàájì?"

"Mo sọ. Ó ní kí n yé fi èdè òyìnbó dẹ́rù ba òun."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu Títílọpẹ́, ó gbé e mì. "Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ ńkọ́?"

"Ó ń ra kajú, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n, Tata, ká ní mo fẹ́ ba ọjà ẹgbẹ́ jẹ́, kí ló dé tí màá fi máa bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń yan ẹran lórí iná jẹ́jẹ́? Ẹ̀ẹ̀kan náà ni màá pa Ìyá. Mo mọ ibi tí màá ti gé e. Kò ní pẹ́ mi rárá."

"Má sọ ìyẹn níwájú Alàájì o."

"Mo ti sọ ọ́."

"Áà. Abájọ tí ẹsẹ̀ rẹ fi ń gbọ̀n."

Waliath wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. "Ọ̀rọ̀ yẹn kọ́, Tata. Mo fi ọmọ ọmú sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ẹni tí wọ́n bá mú ní ọ̀sán Jímọ̀, ta ni yóò tú u sílẹ̀ kó tó di ọjọ́ Ajé?"

Títílọpẹ́ mọ ìdáhùn, ìdáhùn náà kò sì dára.

*

Lẹ́yìn yàrá Ìyá ló ti bá ohun tó dà bí ẹ̀rí àkọ́kọ́ pàdé. Wáyà jáde láti ojú fèrèsé, ó pín sí ẹ̀ka bí gbòǹgbò igi, fóònù sì so sórí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Taofic, ọlọ́dẹ ọ́fíìsì, dúró síwájú rẹ̀, ó na apá méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ fi ara bo ilé.

"Kí nìyí?"

"Fóònù ni, ọ̀gá."

"Mo rí i pé fóònù ni. Ti ta ni?"

"Ẹ̀n... ti ìlú."

Alàájì ti dé ẹ̀yìn wọn. "Ẹ rí i! Ẹ rí i bí wọ́n ṣe ń fa iná mọ́ Ìyá lẹ́nu! Taofic, ìwọ ọmọ yìí, o ti ń ta ẹ̀jẹ̀ ẹgbẹ́!"

"Ẹ má bínú, Alàájì. Mo kàn fẹ́ sọ pé èyí tó pupa yẹn, tiyín ni."

Alàájì wo fóònù pupa náà. Ó tún un wò. Ó yọ ọ́ kúrò lórí wáyà, ó sì tì í sínú àpò agbádá rẹ̀.

Títílọpẹ́ ní kí wọ́n yọ gbogbo ìyókù pẹ̀lú. Ó wọlé, ó ní kí Waliath bi Ìyá ní ìbéèrè kan. Wọ́n dúró títí. Ìdáhùn lọ́ra bákan náà.

"Ìyá ń rí iná mu tẹ́rùn," Títílọpẹ́ ní. "Ebi kọ́ ló ń ṣe é."

"Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni," Alàájì wí, bó ṣe wọlé. "Ẹrù ti pọ̀ jù. Àwọn ará Sanson ló fà á. Gbogbo ọmọ tí wọ́n bá bí ni wọ́n ń kọ orúkọ rẹ̀ wá bí àgbẹ̀, àní kó tó hu eyín."

Ọ̀rọ̀ gidi wà nínú ìyẹn, Títílọpẹ́ kò sì fi ṣeré. Bí àká bá kún jù, wíwá nǹkan nínú rẹ̀ á pẹ́. Ṣùgbọ́n kò fẹ́ràn kí ó máa gba nǹkan gbọ́ torí pé ó bọ́gbọ́n mu. Ó fẹ́ràn kí ó dán an wò ná.

"Waliath, tẹ́ àtẹ tuntun kan sínú àká. Má fi ohunkóhun sórí rẹ̀."

Waliath ṣe bẹ́ẹ̀.

"Wàyí o, bi Ìyá pé kí ló wà lórí àtẹ yẹn."

Wọ́n dúró. Alàájì ka tẹ̀sùbáà rẹ̀ yípo, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbẹ̀yìngbẹ́yín, ìdáhùn jáde sójú gíláàsì: kò sí nǹkan kan.

"Ẹ gbọ́ ná," Alàájì ní. "Kò tilẹ̀ lè dáhùn mọ́."

"Ó dáhùn dáadáa. Òfo ló wà níbẹ̀, òfo ló sì sọ. Ṣùgbọ́n kí ló ń kà tó fi pẹ́ tó bẹ́ẹ̀?" Títílọpẹ́ yí ìjókòó padà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Alàájì, ká ní mo rán yín lọ sọ́jà pé kí ẹ wo ohun tó wà ní ìsọ̀ kan fún mi, tí ẹ kò tètè dé. Ó lè jẹ́ pé ẹrù ìsọ̀ náà pọ̀, ẹ ṣì ń kà á. Ṣùgbọ́n bí ìsọ̀ náà bá ṣófo ńkọ́?"

Alàájì dá tẹ̀sùbáà dúró. Olóye ènìyàn ni, ìbínú ló ń dí i lójú. "Á jẹ́ pé mi ò tètè rí ìsọ̀ náà."

"Ẹ ṣeun. Ìyá mọ ẹrù kà. Ọ̀nà ìsọ̀ ni kò rí mọ́."

Waliath fi ọwọ́ bo ẹnu. "Àwọn atọ́nà!"

"Sọ ọ́ kí Alàájì gbọ́."

"Alàájì, yàtọ̀ sí àwọn àtẹ tí a fi ń kó orúkọ yín àti ìwọ̀n yín sí, Ìyá ní àwọn àtẹ tirẹ̀, tó fi mọ ara rẹ̀. Orí wọn ló kọ ọ́ sí pé àtẹ báyìí wà, ibi báyìí ló wà, báyìí la ṣe pín in. Kí ó tó lọ síbi kankan, ó gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bi wọ́n léèrè ọ̀nà. A kì í fọwọ́ kàn wọ́n. A kì í tilẹ̀ wò wọ́n, òun ló ń tọ́jú wọn fúnra rẹ̀." Ọwọ́ rẹ̀ ti ń sáré lórí bọ́tìnì kó tó sọ̀rọ̀ tán. Ìdáhùn pẹ́. Nígbà tó dé, Waliath yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kí Títílọpẹ́ lè rí i.

Gbogbo orúkọ àti ìwọ̀n, láti Alafiarou dé Kika, pẹ̀lú àwọn ọmọ Sanson tí kò tíì hu eyín, kò ju ohun tí ènìyàn lè gbé lé orí lọ. Àwọn àtẹ tó yẹ kó kàn máa juwọ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún ló wú bí gbogbo ẹrù ọkọ̀ tó wà níta. Ọlọ́jà rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, atọ́nà ọjà sanra ju ọjà lọ.

*

"Ta ló bọ́ wọn yó?" Títílọpẹ́ béèrè.

Waliath ti mọ̀, ó sì ń bẹ̀rù láti sọ ọ́. "Ìwọ̀n ni, Tata. Bí wọ́n ṣe kọ ètò tí Ìyá ń tẹ̀ lé fún wa láti Cotonou, gbogbo ìgbà tí àpò bá gun òṣùwọ̀n, ètò náà á tẹ́ àtẹ kékeré kan, á ṣírò sórí rẹ̀, á sì jù ú nù."

"Bí ewé ẹ̀kọ."

"Bí ewé ẹ̀kọ gan-an. Ṣùgbọ́n nígbà tó tẹ́ ewé, atọ́nà ti kọ ọ́ pé ewé wà níbí. Nígbà tó jù ú nù, atọ́nà á pa ohun tó kọ rẹ́, ìlà tó pa rẹ́ yẹn á sì wà níbẹ̀ bí òkú."

"Cotonou!" Alàájì ti ń wá fóònù pupa. "Ó ti bọ́ sí i. Ẹ jẹ́ kí n pe ọlọ́pàá ibẹ̀."

"Ẹ fara balẹ̀. Ètò wo lẹ lò lọ́dún tó kọjá?"

"Òun kan náà ni," Waliath dáhùn.

"Ìyá lọ́ra lọ́dún tó kọjá?"

"Rárá."

"Á jẹ́ pé ewé kọ́ lọ̀daràn. Gbogbo ilé tí wọ́n ti ń jẹun ni ewé ń wà. Ẹni tó yẹ kó gbá wọn dànù ni kí á wá."

Waliath dìde dúró. "Ìyá ní agbálẹ̀ tirẹ̀. Fúnra rẹ̀ ló máa ń dìde, á rìn yíká, á kó òkú ìlà. Tata, mo búra, mi ò pa á."

"Ẹni tó ní àṣẹ láti pa á kò ju ẹyọ kan lọ," Alàájì sọ, ohùn rẹ̀ rọ̀, ìyẹn ló sì burú jù. "Ṣé kì í ṣe bẹ́ẹ̀?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Alàájì."

Títílọpẹ́ ní kí ó fi ohun tí agbálẹ̀ sọ kẹ́yìn hàn òun. Ó ka á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà. Wọn kò pa agbálẹ̀ rárá. Kò sun oorun, kò ṣe ọ̀lẹ. Gbogbo ìgbà ló ń dìde, tó ń yí gbogbo ilé ká, tó sì ń jábọ̀ ọ̀rọ̀ kan náà: òkú ìlà pọ̀ níbí, wọn kò tíì ṣeé kó.

Ó fi wọ́n sílẹ̀, ó jáde sínú afẹ́fẹ́. Afẹ́fẹ́ náà ti ń gbé òórùn ilẹ̀ tútù bọ̀ láti òkèèrè. Wọn kò tíì ṣeé kó. Agbálẹ̀ kò ní òun kò lágbára. Kò ní òun kò rí ìdọ̀tí. Ó ń dúró de ẹnì kan. Títílọpẹ́ rántí ilé wọn ní Savè, bí ìyá rẹ̀ ṣe máa ń gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tí àlejò bá ṣì jókòó ti oúnjẹ. Bó o bá gbá ilẹ̀ lójú àlejò, o ti lé e nìyẹn. Jẹ́ kó jẹ tán, kó wẹ ọwọ́, kó dìde.

Ó padà wọlé.

"Waliath, bi Ìyá léèrè bóyá ẹnì kan wà nínú ilé tó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tipẹ́, tí kò tíì parí rẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹnì kan ṣì ń wo àká bó ṣe rí nígbà àtijọ́, agbálẹ̀ kò gbọdọ̀ kó ohunkóhun tí ẹni yẹn ṣì lè fẹ́ wò, bí a kì í ti í gbálẹ̀ lójú àlejò tó jókòó ti oúnjẹ."

Lọ́tẹ̀ yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni kò mí títí ìdáhùn fi dé.

Ẹnì kan wà. Ó ti wọlé láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọjà kajú ọdún yìí. Ó ṣí iṣẹ́ kan, kò pa á dé, kò sì jáde. Ibi tó ti wọlé ni Kika.

*

Alàájì pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Kika! Mádáàmù, ẹ mọ ẹni tó ń tẹ kọ̀ǹpútà ní Kika? Zénabou. Ẹ bi Waliath bí wọ́n ṣe jẹ́ síra."

"Àbúrò mi ni," Waliath ní. "Ọmọ ìyá mi. Ọdún yìí ni Kika ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sórí ẹ̀rọ, èmi ni mo kọ́ ọ."

"Kọ́ ọ! Ẹ gbọ́ o. Ó kọ́ ọ! Ẹ gé iṣẹ́ náà kúrò, kí a rí ọjà wa tà, kí ẹ sì mú àwọn méjèèjì."

"Mo lè gé e nísinsìnyí," Títílọpẹ́ dáhùn. "Agbálẹ̀ á wọlé, Ìyá á bẹ̀rẹ̀ sí í mí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo bá gé, mi ò ní rí ojú rẹ̀ mọ́ láé. Ẹ ó sọ pé Zénabou ló ṣe é, Waliath ló rán an, èmi náà kò sì ní ní nǹkan kan lọ́wọ́ tí màá fi sọ pé irọ́ ni. A ti mọ ibi tó ti wá. A ò tíì mọ ìdí rẹ̀."

"Òjò ńkọ́?"

"Ẹ wa ọkọ̀ yín kíákíá."

Wọ́n pe Zénabou, fóònù rẹ̀ kò wọlé. Inú Títílọpẹ́ dùn sí ìyẹn. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbá ojú ilé kí òun tó dé.

*

Ilẹ̀ pupa ni ọ̀nà Kika, igi kajú ló sì pọ̀ jù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n kọjá lára àwọn obìnrin Fúlàní tó ru wàgàṣì, wàrà líle, lọ sí ọjà, àwọn wọ̀nyẹn fi aṣọ bo igbá kí eruku má bà lé e. Alàájì ń wakọ̀, Títílọpẹ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Waliath ká jọ sẹ́yìn.

Títílọpẹ́ ń tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ nínú ara rẹ̀. Ká ní àwọn tó ń du ọjà ló ra Zénabou. Ẹni tó ń jalè kì í fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu láti ìbẹ̀rẹ̀ ọjà títí di ìsinsìnyí. Á wọlé, á mú, á jáde, á sì tì í. Ká ní ó gbàgbé ńkọ́? Ìyẹn wù ú díẹ̀. Àwọn ọmọdé ń gbàgbé. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà tí a gbàgbé kì í pẹ́ kú. Iná inú rẹ̀ á tán, á pa ojú dé, iṣẹ́ tó ṣí á sì já fúnra rẹ̀. Èyí kò já. Lójoojúmọ́, ẹnì kan ń gbé iná fún un. Ẹnì kan ń wò ó bóyá ó ṣì jí.

Ó yíjú sẹ́yìn. "Waliath. Ta ló ń tọ́jú nǹkan lójoojúmọ́?"

Waliath ronú. "Ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, Tata. Tàbí ẹni tó ń bẹ̀rù rẹ̀."

"Kì í ṣe ẹni tó fẹ́ fi ba nǹkan jẹ́."

"Rárá."

Alàájì hùn, ó sì tún fẹsẹ̀ tẹ ọkọ̀.

*

Abẹ́ páànù kan ni ibùdó ìwọ̀n Kika, igi mángòrò ló ṣíji bò ó. Àgbẹ̀ kún ibẹ̀. Bí wọ́n ṣe rí Alàájì ni ariwo ìkíni sọ, nítorí Kika ni ilé bàbá rẹ̀. "Alága, ẹ kú ọ̀nà!" "Tonton, òjò mà ń bọ̀ o!" "Ẹ bá wa bẹ Ìyá!" Ó ń dáhùn sọ́tùn-ún sósì. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó tẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, ó fi ọwọ́ kan àpò kajú kan tó dá dúró síbẹ̀, ètè rẹ̀ gba àdúrà kékeré kan. Ó fara ti àpò náà kí ó lè sinmi, ó sì ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ.

Títílọpẹ́ rí i pé kì í ṣe òun nìkan. Obìnrin kan ń kọjá lọ, ó fi ìka kan àpò náà. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e, ó ṣe bákan náà. Àpò ńlá ni, wọn kò di ẹnu rẹ̀. Aṣọ funfun ló bo ẹnu rẹ̀, wọ́n gbé pátákó sórí aṣọ, orí pátákó yẹn sì ni kọ̀ǹpútà àtijọ́ kan jókòó sí, ó lanu sílẹ̀, wáyà rẹ̀ gun òrùlé lọ bá pánẹ́ẹ̀lì oòrùn. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ roro lójú gbogbo ènìyàn.

Zénabou sáré jáde, ó kúnlẹ̀ kí wọn. Ó fẹ́ dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó rí ojú rẹ̀, ó sì dúró.

"Zénabou, kọ̀ǹpútà wo lo fi ń ṣiṣẹ́?"

"Èyí tó wà nínú ilé, Tata."

"Èyí ńkọ́?"

"Ìyẹn? Ti àkọ́wọlé ni."

Bàbá arúgbó kan tó jókòó ti òṣùwọ̀n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ń pè é ní Bàbá Alidou. Òun ló ti ń wọn kajú ní Kika láti ayé ṣọ́ọ̀kì. "Ọmọ mi, ìwọ kì í ṣe ará ibí. Àpò tó bá kọ́kọ́ wọlé lọ́dún, a kì í di ẹnu rẹ̀, a kì í sì í parí ìwọ̀n rẹ̀, àfi tí àpò ìkẹyìn bá wọlé. Ẹni tó bá parí ti àkọ́kọ́ ti parí ọjà nìyẹn. Olùrà á pòórá."

"Láyé ṣọ́ọ̀kì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é?"

"A ó kọ ọ́ sára ògiri, a kò ní fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìlà ló ń parí ìwọ̀n. Nígbà tí ẹ̀rọ dé, mo bi ọmọ yìí pé ìlà dà nínú èyí? Ó ní bọ́tìnì kan ni. Mo ní kó má tẹ̀ ẹ́."

"Mi ò tẹ̀ ẹ́," Zénabou ní, inú rẹ̀ ń dùn bí ọmọ tí wọ́n fẹ́ yìn. "Mo tẹ ìwọ̀n rẹ̀ sí i, mo dúró níbẹ̀. Àràárọ̀ ni mò ń nu pánẹ́ẹ̀lì kí iná rẹ̀ má bàa kú."

Waliath bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà kò dúró ní ẹ̀rín. Kò pẹ́ tó fi di ẹkún, ó sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Tata, àlejò tó jókòó ti oúnjẹ nìyẹn," ó ní. "Gbogbo ewé tí a jù nù láti ọjọ́ yẹn, agbálẹ̀ ń dúró dè é ni."

Títílọpẹ́ mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀ síwájú kọ̀ǹpútà náà. Ìwọ̀n ẹyọ kan ṣoṣo ló wà lójú rẹ̀, pípé pérépéré, bọ́tìnì ìparí sì wà lábẹ́ rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn. Ibi tó yẹ kí orúkọ olówó àpò wà ni oòrùn ń tàn sí, kò rí i kà.

"Bàbá, ta ló ni àpò yìí?"

"Ẹni tó kọ́kọ́ dé ni. Ó tilẹ̀ kìlọ̀ fún wa gidigidi, ó ní ọdún ẹ̀rọ ni ọdún yìí, ẹ̀rọ ò gbọdọ̀ ba àṣà jẹ́, bọ́tìnì tàbí ìlà, a ò gbọdọ̀ parí i." Bàbá Alidou na ìka sí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ ò ṣe bi í fúnra rẹ̀? Ó fara tì í nìyẹn."

Gbogbo ojú yí padà. Ọwọ́ Alàájì Bassirou ṣì wà lórí àpò.